Gbá Bọ́ọ̀lù Tìrẹ, Kí O sì Yẹ̀ fún Ẹnìkejì Rẹ

Nígbà tí àwọn olóòtú ìwé yìí ní kí a kọ nǹkan sí i, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rò pé ìwàásù tàbí ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a óò mú wá. Ẹ fi orí jì wá. Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ sọ, àní ọ̀rọ̀ tẹ́nìsì orí tábìlì, nítorí àríyànjiyàn kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde lórí ètò àjọ̀dún, tí ó sì jọ pé ó jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ.

Ní ọjọ́ eré ìdárayá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde àti àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ nísinsìnyí yóò jọ gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, ẹni méjì sí ẹni méjì. Kò sí ẹni tí ó ta ko èyí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì ni bí a ó ṣe pín àwọn ènìyàn. Apá kan ní kí a ṣa àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá jù lọ, kí a so ọ̀jáfáfá pọ̀ mọ́ ọ̀jáfáfá, kí àwọn àlejò lè rí eré tí ó dùn ún wò. Apá kejì ní kí a ṣẹ́ kèké, kí a so ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá pọ̀ mọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá, ìbáà ṣe àgbà pẹ̀lú ọmọdé, ìbáà ṣe ẹni tí ó ti gba ife-ẹ̀yẹ pẹ̀lú ẹni tí kò di bátì mú rí. Apá kejì yìí ni àwa wà. Kì í ṣe nítorí àánú nìkan. A gbà pé eré náà fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀.

Kí á kọ́kọ́ rán ara wa létí bí eré náà ti rí. Tábìlì rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Àwọ̀n tí ó dá a sí méjì ga ní ínǹṣì 6. Ìlà funfun tín-ín-rín kan gba àárín tábìlì náà kọjá ní òòró. Nígbà tí ẹni kan bá ń bá ẹni kan gbá a, ìlà yìí kò ní iṣẹ́ kankan. Àfi ìgbà tí ẹni mẹ́rin bá dé ìdí tábìlì ni iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń sáàfù gbọ́dọ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún tirẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún àwọn alátakò. Lẹ́yìn èyí ni òfin tí ó ya eré yìí sọ́tọ̀ wá dé: àwọn méjì tí ó wà ní apá kan gbọ́dọ̀ máa gba bọ́ọ̀lù ní ìtẹ̀léra, ìwọ lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkejì rẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá gba èyí tí ó kàn án, àmì ti bọ́ sí ọwọ́ àwọn alátakò, ìbáà ṣe pé bọ́ọ̀lù tí o gbá dára ju gbogbo èyí tí wọ́n ti gbá láti òwúrọ̀ lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ọgbọ́n tí ó wà nínú òfin yìí. Nínú tẹ́nìsì orí pápá, alágbára lè sáré kọjá níwájú ẹnìkejì rẹ̀ kí ó gba bọ́ọ̀lù tí kò kàn án. Nídìí tábìlì, kò ṣeé ṣe. Ìdajì bọ́ọ̀lù tí ó bá wá sí apá yín, ti aláìlera ni. Òfin sì tún fi kún un pé alátakò tí o ń gba bọ́ọ̀lù rẹ̀ ní abala kan kọ́ ni ìwọ yóò tún máa gba tirẹ̀ ní abala tí ó tẹ̀lé e. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀jáfáfá ni ìyà ti jẹ ọ́ ní abala kìn-ín-ní, ìtura ń bọ̀ ní ìkejì, ìyà náà yóò sì kan ẹnìkejì rẹ. Ẹrù náà ni òfin ń pín.

Ìdí tí èyí fi ṣòro fún wa ni pé eré ìbílẹ̀ wa tí ó gbayì jù kò kọ́ wa ní ohun tí ó jọ ọ́. Nídìí ayò ọlọ́pọ́n, ọ̀ta ni a ń pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, òpè sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni kan ni ó ń dojú kọ ẹni kan. Ọ̀ta a máa fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tí ó yí wọn ká a sì máa gbè é. Ara adùn eré náà ni, ẹnikẹ́ni kì í fi bínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ahọ́n ayò lọ sí ìdí tábìlì ẹni mẹ́rin, a ṣì í lò. Ẹni tí a ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe alátakò wa mọ́. Ẹni tí ó bá wa dúró ni.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ tiwa. Ní nǹkan bí ọdún 1975, nígbà tí a wà ní ìwé kẹrin, wọ́n so wá pọ̀ mọ́ ọmọ kíláàsì wa kan fún ìdíje ilé sí ilé. Ọmọ Apòmù ni, orí rẹ̀ pé nínú ìṣirò, kò sì ní àléébù kankan ju pé ọwọ́ rẹ̀ kò yá nídìí tábìlì. Òfin kò jẹ́ kí a gba bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin kò jẹ́ kí ọwọ́ wa ṣe, ojú wa ṣe é. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, a mí kanlẹ̀. Nígbà kejì, a kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà kẹta, a yínmú sí i lójú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, àwọn òǹwòran sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni kò ti mọ ibi tí yóò dúró sí mọ́. Ó ń na bátì sí bọ́ọ̀lù bí ẹni tí ń na ọwọ́ sí ìkòkò gbígbóná. Wọ́n borí wa. A sì sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè pé òun ni ó fà á. Ó gbé bátì sílẹ̀ lórí tábìlì lọ́jọ́ náà, a kò sì rí i nídìí rẹ̀ mọ́ títí a fi jáde ìwé kárùn-ún.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí a tó tún pàdé. Ìsìnkú ìyá arúgbó kan ní Apòmù ni, àwa ni a sì wàásù níbẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, ó wá bọ̀ wá lọ́wọ́, ó dì mọ́ wa, ó wò wá lójú tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní: “Àlùfáà, ṣé o ṣì ń yínmú?” Àwọn tí ó dúró tì wá rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá wa délé. A ti gbàgbé iye àmì tí wọ́n fi borí wa. Òun náà ti gbàgbé rẹ̀. Imú tí a yín ni kò gbàgbé. Nígbà tí a padà lọ tọrọ àforíjì, ó ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, kí a má fi yọ ara wa lẹ́nu. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé náà ni ó fi eré sílẹ̀ títí láé, kì í sì í ṣe àwa.

Láti ìgbà náà ni a ti ń ronú lórí ohun tí ó jẹ́ ojúṣe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n gbá sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá. A rí mẹ́ta.

Èkínní ni pé kí ó mọ̀ pé bọ́ọ̀lù tí òun gbá, ẹnìkejì òun ni yóò gba èsì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀jáfáfá ni kò tíì ronú kan ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ìwọ nìkan ń gbá, bí o bá la bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tí alátakò sì dá a padà, ìwọ tí o là á ni ó ń padà bọ̀ wá bá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá jẹ́ méjì, iná tí o dá, ẹnìkejì rẹ ni yóò yá a. Bọ́ọ̀lù líle máa ń padà ní líle. Bọ́ọ̀lù tí o gbá lọ sí igun tábìlì a máa padà láti igun tí ojú kò retí. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ ẹni tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ọ̀tọ̀ sì ni ìmọ̀ ẹni tí ó lè gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnìkejì rẹ̀ yóò lè bá ṣeré. Ẹni tí ó ní ìmọ̀ kejì yìí a máa gbá a sí ibi tí èsì rẹ̀ yóò fi rọrùn, a máa rọra fi í sí ìtòsí àwọ̀n kí alátakò má baà ráyè là á, a máa fi sùúrù dúró de ìgbà tí àyè yóò ṣí sílẹ̀. Èyí kò rọrùn rárá. Ó le ju kí a máa la bọ́ọ̀lù lọ.

Èkejì ni pé kí ó yẹ̀. Nídìí tábìlì, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù tán tí ó dúró síbẹ̀ láti wo ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́nà. Ẹnìkejì yóò sáré wá, yóò kọlu èjìká rẹ̀, bọ́ọ̀lù yóò sì kọjá lọ. Àwọn òǹwòran yóò sì sọ pé òpè ni kò bá a. Bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀ta ni kò yẹ̀. Gbá tìrẹ, kí o sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o sì jẹ́ kí ọ̀nà là fún ẹni tí ó kàn.

Ẹ̀kẹta ni pé kí ó ṣọ́ ojú àti ẹnu rẹ̀. Aláìlera kò nílò ẹni tí yóò sọ fún un pé bọ́ọ̀lù ti wọ àwọ̀n. Òun náà rí i. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ràn án lọ́wọ́ tó: “Súnmọ́ tábìlì díẹ̀,” tàbí “Má yára.” Ìmọ̀ràn mẹ́rin láàrin àmì méjì kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́, ìyọnu ni.

Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá náà ní ojúṣe tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ bu ọlá rẹ̀ kù nípa dídá a sí. Kí ó kọ́ bí a ti ń sáàfù, nítorí sáàfù nìkan ni bọ́ọ̀lù tí kò sí alátakò kankan tí ó lè yọ ọ́ lẹ́nu nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́wàá kọ́ ọ yóò mọ̀ ọ́n. Kí ó máa dá bọ́ọ̀lù padà sórí tábìlì, kí ó fi lílà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n là. Kí ó má sì máa bẹ̀bẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣàṣìṣe. Ẹ̀bẹ̀ àbẹ̀ẹ̀dákẹ́ a máa sú ẹni tí a ń bẹ̀, a sì máa jẹ́ kí ẹni tí ń bẹ̀ gbàgbé bọ́ọ̀lù tí ó ń bọ̀.

Nípa àwọn alátakò ńkọ́? Ṣé ó yẹ kí wọ́n dojú gbogbo bọ́ọ̀lù kọ ẹni tí ó rọ̀? Nínú ìdíje tí ife-ẹ̀yẹ wà fún, kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ibi tí ọgbà bá ti ya ni ẹran ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nínú eré àjọṣe, ẹni tí kò ní ọgbọ́n mìíràn ju kí ó máa gbá a mọ́ aláìlera lọ kò tíì rí nǹkan kọ́ fún ara rẹ̀. Ọ̀jáfáfá iwájú rẹ ni ó yẹ kí o fi dán agbára rẹ wò.

Òkè òkun náà ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà yóò ti rí eré tí wọ́n ń pè ní pickleball. Ọdún 1965 ni ó bẹ̀rẹ̀, ní erékùṣù Bainbridge ní ìpínlẹ̀ Washington. Joel Pritchard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bill Bell ń wá ohun tí àwọn ará ilé wọn yóò fi ṣeré. Pápá badminton wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n ohun èlò rẹ̀ kò pé. Wọ́n mú bátì tẹ́nìsì orí tábìlì àti bọ́ọ̀lù oníke tí ó ní ihò lára, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a. Barney McCallum, ọ̀rẹ́ wọn, sì dara pọ̀ láti tún eré náà ṣe. Nítorí pé tọmọdé tàgbà ni wọ́n fẹ́ kí ó jọ gbá a, gbogbo òfin rẹ̀ ni ó ń dín ọwọ́ alágbára kù. Pápá rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 ní ìbú àti 44 ní òòró, nígbà tí ti tẹ́nìsì ẹlẹ́ni mẹ́rin jẹ́ 36 ní ìbú àti 78 ní òòró. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń gbá sáàfù rẹ̀. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ta nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó lè gbá a lófuurufú. Ẹsẹ̀ bàtà 7 sí àwọ̀n ní apá méjèèjì ni wọ́n sì pààlà sí, tí wọ́n ń pè ní ilé ìdáná. Ẹni tí ó bá dúró níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gba bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ta nílẹ̀. Nípa báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin alágbára kò lè dúró ti àwọ̀n kí ó máa là á mọ́ ìyá àgbà lórí.

Síbẹ̀, ibì kan wà tí tábìlì wa fi ju pápá wọn lọ. Nínú eré tiwọn, kò pọn dandan kí àwọn méjì máa gbá a ní ìtẹ̀léra. Ẹni tí ó bá yára jù lè máa gba gbogbo rẹ̀, kí ẹnìkejì rẹ̀ sì dúró bí igi ọgbà. Ohun tí ẹ̀rí ọkàn nìkan lè ṣe níbẹ̀, òfin ti ṣe é fún wa níhìn-ín.

Tẹ́nìsì orí tábìlì sì ti pẹ́ nínú fífi àyè gba ẹni tí ara rẹ̀ kò pé. Ọdún 1960 ni wọ́n ti ń gbá a ní ìdíje Paralympics àkọ́kọ́ ní Róòmù, èyí tí í ṣe ti àwọn aláàbọ̀ ara. Ọdún 1988, ní Seoul, ni ó tó wọ Olympics fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọdún 28 ni àwọn tí ayé ń pè ní aláìlera fi ṣáájú àwọn alágbára wọlé. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjì bá sì wà lórí àga oníkẹ̀kẹ́, òfin yọ̀ǹda pé lẹ́yìn sáàfù àti ìdápadà àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè gba bọ́ọ̀lù tí ó bá wá, nítorí pé ẹni tí ó jókòó kò lè yẹ̀ bí ẹni tí ó dúró. Òfin náà fúnra rẹ̀ mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun yẹ̀ fún ènìyàn.

A ti gbọ́ ohun tí àwọn tí kò gbà pẹ̀lú wa ń sọ. Wọ́n ní bí a bá ń so ọ̀ta pọ̀ mọ́ òpè, ọwọ́ ọ̀ta yóò kú. Wọ́n bi wá bóyá irú ètò bẹ́ẹ̀ ni ó bí Ṣẹ́gun Toríọlá, tí ó gbá a ní Olympics méje láti 1992 dé 2016, tàbí Fúnkẹ́ Oṣónáìkè, tí òun náà lọ sí méje, tàbí Aruna Quadri, tí ó dé ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kù ní Rio lọ́dún 2016. Ìbéèrè náà tọ́, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Ọ̀dọ́ tí ó ní ẹ̀bùn gbọ́dọ̀ rí ẹni tí ó jù ú lọ bá gbá, a sì fara mọ́ ọn pé kí ọjọ́ kan wà fún ẹni kan sí ẹni kan, kí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n jù gba ife-ẹ̀yẹ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: àwọn mélòó nínú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí ni ó ń rí bátì dì mú? Lábẹ́ àṣà ẹni-borí-ni-yóò-dúró tí a bá nílẹ̀, ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n gbá a máa tò fún wákàtí kan, kí ó gbá a fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ó sì padà lọ tò. Ẹni tí ó nílò àtikọ́ jù lọ ni ó ń rí àyè kọ́ kéré jù lọ. Bí ẹ̀bùn bá wà ní ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ̀?

Ẹnìkan nínú wa tí ó mọ Bíbélì dáadáa tún rán wa létí pé Òfin Mósè kò gbà kí a fi màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ túlẹ̀ pọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ olùtumọ̀ Ìwé Mímọ́ ti rí i pé àánú ẹranko tí ó kéré ni ó wà nínú òfin náà, nítorí pé màlúù kò mọ bí a ti ń dín ìrìn kù fún ẹni tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ènìyàn mọ̀ ọ́n. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi yé àwọn ará Kọ́ríńtì pé ẹ̀yà ara tí ó jọ pé kò lágbára ni a kò lè ṣe aláìní, ó sì fi í ṣe gbèsè sí ọrùn àwọn alágbára ní Róòmù láti ru àìlera àwọn tí kò lágbára. Olúwa wa pàápàá rán àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jáde ní méjì-méjì. Àwọn méjìlá náà kò dọ́gba, gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó tún yẹ kí ilẹ̀ tí a wà yìí kọ́ wa. Ní Apòmù, ọjà ńlá kan wà láyé àtijọ́ tí àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé ná. Samuel Johnson, àlùfáà tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ sílẹ̀ bí àwọn alágbára ti ń jí àwọn aláìlera gbé tà ní ọjà náà, àti bí ìjà tí ó ti ibẹ̀ wá ti di ogun Òwu. Ìlú yẹn kan náà ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìsọ̀kan lónìí. Ní Ìkirè ẹ̀wẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá ni ó mọ dòdò Ìkirè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kọjá àlà, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ìlú mìíràn yóò dà nù, òun ni àwọn ìyá wa ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí wọ́n ń dín, tí èrò ọkọ̀ ń dúró rà. Ìlú tí ó lè ṣe èyí fún ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò yẹ kí ó sọ fún ọmọ ènìyàn pé kí ó lọ jókòó pẹ̀lú àwọn òǹwòran.

Nítorí náà, èyí ni àbá wa. Kí á gbé àwo méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ eré. Kí orúkọ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n gbá wà nínú ọ̀kan, kí ti àwọn ìyókù wà nínú èkejì, kí a sì mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti inú méjèèjì. Kí abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ 11 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ọdún 2001, kì í ṣe 21 ti ayé tiwa, kí ó lè yára kárí. Lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ènìyàn pààrọ̀ ẹnìkejì, kí a sì kọ iye abala tí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá borí sí orúkọ òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá pọ̀ jù ní ìrọ̀lẹ́ yóò jẹ́ ẹni tí ó borí pẹ̀lú oríṣiríṣi ènìyàn. Ọ̀ta tòótọ́ nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó bá a dúró tí kò sunwọ̀n sí i. Lẹ́yìn àjọ̀dún, kí ilé ẹ̀kọ́ fi ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ sílẹ̀ fún irú eré yìí, kí àṣà ẹni-borí-ni-yóò-dúró sinmi lọ́jọ́ náà.

Ní ti àwa tí a ń kọ èyí, a ti fi orúkọ wa sílẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ mú bébà, ọwọ́ wa ń lọ sí àwo àwọn ọ̀ta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́. Ṣùgbọ́n a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, orúnkún ń ké, ojú kò sì rí bọ́ọ̀lù kí ó tó dé mọ́. Inú àwo kejì ni a jù ú sí. A kò mọ ọmọ tí kèké yóò so pọ̀ mọ́ wa. Ẹni yòówù kí ó jẹ́, a bẹ̀ ẹ́ ṣáájú: ọmọ wa, gbá tìrẹ, kí o yẹ̀ fún wa, a ó sì gbìyànjú láti dá a padà. Bí a bá gbá a sínú àwọ̀n, jọ̀wọ́, má yínmú.